Kí Kọ̀ǹpútà Tó Dáhùn Pé Ó Ti Wọlé

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju páálí ṣúgà lọ. Mo fi wáyà aláwọ̀ búlúù so wọ́n pọ̀, mo fi sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ etcd sínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ní kí wọ́n jọ máa tọ́jú ìwé kan ṣoṣo. Lálẹ́, bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, màá jókòó tì wọ́n, màá kọ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí wọn. Iná tín-ín-rín aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́nu ihò wáyà á ṣẹ́jú wìrì lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdáhùn á sì yọ sí mi lójú: OK.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fa wáyà iná yọ lẹ́yìn èyí tó jẹ́ olórí láàárín wọn. N kò kìlọ̀ fún un, n kò sì ta àwọn yòókù lólobó. Iná rẹ̀ kú fin. Àwọn méjì tó kù dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan jáde pé òun fẹ́ ṣe olórí, èkejì dìbò fún un, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Mo béèrè ọ̀rọ̀ tí mo kọ kẹ́yìn kí n tó fa wáyà náà yọ. Ó wà níbẹ̀ digbí, lẹ́tà kan kò sọnù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ti fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ wá, síbẹ̀ orí mi ṣì máa ń wú nígbàkígbà tí mo bá rí ohun tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Raft ni orúkọ ọgbọ́n tí àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́ta yìí ń lò. Òun ni mo fẹ́ ròyìn, nítorí ó wù mí, mo sì gbà pé ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe oníkọ̀ǹpútà náà rí ẹwà rẹ̀.

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, alájọ máa ń yà ní ìsọ̀ ìyá mi lójoojúmọ́. Bí ìyá mi bá na owó sí i, alájọ kò ní kọ́kọ́ tì í sápò. Yóò fàmì sínú ìwé tirẹ̀, yóò gba káàdì ọwọ́ ìyá mi, yóò fàmì sí ìyẹn náà, yóò sì dá a padà. Àfi tí káàdì bá padà sọ́wọ́ ìyá mi ni ó tó máa ń sọ pé àjọ òní ti wọlé. Bí òjò bá pa ìwé alájọ, káàdì wà. Bí èkúté bá jẹ káàdì, ìwé wà. Ṣùgbọ́n bí àmì inú ìwé bá jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí ti káàdì sì jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di ariwo. Ìwé méjì lè gba ara wọn lọ́wọ́ ìpàdánù, ṣùgbọ́n wọn kò lè parí aáwọ̀ tó bá wà láàárín àwọn fúnra wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í kú. Díìsìkì á bàjẹ́, iná á lọ, ẹnì kan á fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà. Nítorí náà, ohun tó bá ṣe pàtàkì, orí kọ̀ǹpútà tó ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n ń kó o sí. Dídà á kọ kò le rárá. Ohun tó le ni kí ìwé mẹ́ta náà wà ní ọ̀kan nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń kọ nǹkan sí wọn lọ́wọ́, tí ẹ̀rọ kan ń kú, tí òmíràn ń jí, tí lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn ń pẹ́ lọ́nà tàbí tó ń sọnù. Olóríburúkú ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé bí kọ̀ǹpútà kan bá pe ẹnì kejì rẹ̀ tí kò gbọ́ ohùn, kò lè mọ̀ bóyá onítọ̀hún ti kú, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ sí i lọ́wọ́, tàbí bóyá wáyà àárín wọn ló já. Láti ibi tí ó jókòó sí, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 1985, Michael Fischer, Nancy Lynch àti Michael Paterson fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé níbi tí kò bá ti sí gbèdéke iye àkókò tí lẹ́tà lè lò lọ́nà, bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá lè kú, kò sí ọgbọ́n kankan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìfohùnṣọ̀kan yóò máa wáyé ní gbogbo ìgbà. Láti ìgbà náà, ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń wá ni ọ̀nà tí yóò máa dúró dípò kí ó ṣìnà: bí kò bá lè sọ òótọ́ lónìí, kí ó dákẹ́ títí di ìgbà tí yóò lè sọ ọ́.

Mo ti rí ibi tí wọn kò dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan ní kọ̀ǹpútà méjì tí a ń pè ní server, ọ̀kan ń gba iṣẹ́, èkejì ń da iṣẹ́ rẹ̀ kọ, ó sì ń ṣọ́ ọ. Bí àkọ́kọ́ bá kú, kí èkejì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó dára létí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan wáyà àárín àwọn méjèèjì já, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì wà láàyè. Èkejì pe àkọ́kọ́ títí, kò gbọ́ ohùn, ó ní ó ti kú nìyẹn, ó sì gorí àga. Àkọ́kọ́ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti gba ipò òun. Fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, àwọn méjèèjì ń gba owó oníbàárà, àwọn méjèèjì ń tẹ rìsíìtì, àwọn méjèèjì sì ń lo nọ́ńbà kan náà fún ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọba kì í pé méjì láàfin. Àwọn oníṣẹ́ wa ní orúkọ tiwọn fún un, wọ́n ń pè é ní split-brain, bí ẹni pé ọpọlọ ènìyàn kan là sí méjì.

Òru mẹ́ta gbáko la fi tò ó. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni màmá kan tó wá bá wa ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Ó ká rìsíìtì rẹ̀ sínú ìdí gèlè. Ó tú u, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí tábìlì, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin náà lẹ tẹ̀ ẹ́ fún mi." Òótọ́ ni. Àwa la tẹ̀ ẹ́ fún un. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí a pinnu láti mú dání, nítorí server tó dá a lóhùn pé owó rẹ̀ ti wọlé kò ní ẹlẹ́rìí kankan nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀. A rí i yanjú fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kì í ti í fi ojú yẹpẹrẹ wo ìdáhùn kékeré yẹn, "ó ti wọlé." Mo fẹ́ mọ ẹ̀rọ mélòó ló ti gbọ́ kí ó tó jáde lẹ́nu.

Ọgbọ́n tó dáhùn ìbéèrè náà ti pẹ́ ju Raft lọ. Leslie Lamport ló kọ èyí tó lókìkí jù, tí ó pè ní Paxos. Ó gbé e kalẹ̀ bí ìtàn ìlú kan ní erékùṣù Paxos ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àwọn aṣòfin ti máa ń wọlé tí wọ́n ń jáde bó ṣe wù wọ́n, tí olúkúlùkù mú ìwé òfin tirẹ̀ dání, síbẹ̀ tí ìwé wọn kò gbọdọ̀ tako ara wọn. Wọn kò gbà á fún ọdún púpọ̀. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ ní kí ó yọ ìtàn erékùṣù kúrò, ó kọ̀, ọdún 1998 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó di 2001, ó tún un kọ ní èdè gbẹrẹfu nítorí àwọn tó ní kò yé àwọn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Brian Oki àti Barbara Liskov ní MIT ti gbé ọ̀nà kan tó fara jọ ọ́ gan-an jáde ní 1988. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gbìyànjú láti fi Paxos kọ sọ́fítíwíà: ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tí èèyàn yóò kọ́ fúnra rẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́, wọ́n jìnnà síra.

Ní ọdún 2014, Diego Ongaro, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford ní Kalifọ́níà, àti olùkọ́ rẹ̀, John Ousterhout, gbé Raft jáde. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú ìwé wọn ni ète tí wọ́n fi síwájú. Wọ́n ní kí ó yé ènìyàn. Ẹlòmíràn nínú iṣẹ́ wa á ní òun fẹ́ kí nǹkan yá, tàbí kí ó má gba àyè púpọ̀. Àwọn méjì yìí ní bí ọ̀nà méjì bá wà, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ni àwọn yóò mú. Wọ́n sì dán an wò: akẹ́kọ̀ọ́ 43 láti Stanford àti Berkeley ni wọ́n kọ́ ní Paxos àti Raft, tí wọ́n sì bi ní ìbéèrè lórí méjèèjì. Àwọn 33 ló ṣe dáadáa jù nínú ti Raft. Orúkọ náà pàápàá ní ìtàn. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà, log, ni wọ́n fi ń pe ìtì igi àti ìwé tí a ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Raft sì ni igi tí a dì pọ̀ kí ó lè léfòó lórí omi, irú èyí tí ènìyàn lè gùn sá kúrò ní erékùṣù.

Ìwé ìtẹ̀léǹtẹ̀lé yẹn ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Bí kọ̀ǹpútà mẹ́ta bá bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà, tí wọ́n sì ṣe àwọn iṣẹ́ kan náà ní títẹ̀léra kan náà, ibì kan náà ni wọn yóò dé. Nítorí náà ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu nípa dída gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kọ. Ẹ jẹ́ kí ìlà inú ìwé bára mu, ìyókù á tò fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan, olórí nìyẹn. Àwọn yòókù jẹ́ ọmọlẹ́yìn. Olórí á máa rán àmì kékeré sí wọn lóòrèkóòrè pé òun ṣì wà láàyè. Nínú etcd, bí kò bá sí ẹni tó yí i padà, ìgbà mẹ́wàá ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọmọlẹ́yìn kan bá dúró títí tí kò gbọ́ nǹkan kan, á fi ọ̀kan kún nọ́ńbà sáà (ìdìbò kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun), á dìbò fún ara rẹ̀, á sì máa tọrọ ìbò kiri. Ẹni tó bá rí ju ìdajì ìbò lọ ló wọlé. Olúkúlùkù kò lè dìbò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú sáà kan, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ìbò tó dì sórí díìsìkì kí ó tó sọ ọ́ jáde. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. Bí iná bá lọ lójijì tó sì padà dé, ẹ̀rọ náà kò ní jí kí ó ní òun kò tíì dìbò.

Bí méjì bá jí lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́, tí ìbò pín? Ongaro àti Ousterhout kọ́kọ́ fẹ́ fi àgbà àti àbúrò sí i, kí kékeré máa fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, wọ́n tún un ṣe, ìṣòro míràn ń yọjú. Nígbẹ̀yìn wọ́n dà á nù. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mú iye àkókò tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Nínú ìwé wọn, láàárín mílísẹ́kọ́ọ̀ndù 150 sí 300. Ọ̀kan yóò tètè jí ju àwọn yòókù lọ, yóò sì ti gba ìbò tán kí wọ́n tó lajú. Bí wọ́n bá tún jí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tún dúró, kí wọ́n tún mú òmíràn. Ó gba ìgboyà kí ọlọ́gbọ́n tó lè fi ọgbọ́n tó díjú sílẹ̀ kí ó mú èyí tó rọrùn.

Olórí dé ipò tán, iṣẹ́ ìwé bẹ̀rẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti nọ́ńbà sáà tí wọ́n kọ ọ́. Bí olórí bá fẹ́ fi ìlà 42 ránṣẹ́, kì í kàn jù ú sílẹ̀ lásán. Yóò kọ́kọ́ bi ọmọlẹ́yìn pé: ṣé ìlà 41 wà lọ́wọ́ rẹ, ṣé sáà kẹrin sì ni wọ́n kọ ọ́? Bí kò bá sí, ọmọlẹ́yìn á kọ̀ ọ́. Olórí á padà sí 40, á padà sí 39, títí wọn yóò fi kan ibi tí ìwé wọn ti bára mu, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ padà. Nítorí ìbéèrè kékeré yìí, bí ìwé méjì bá bára mu ní ìlà kan ṣoṣo, nọ́ńbà pẹ̀lú sáà, ó dájú pé gbogbo ohun tó wà lókè ìlà náà bára mu látòkèdélẹ̀. Kò sí ìdí láti máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́ nìyí. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ lẹ́tà márùn-ún tó ṣáájú nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa sí i: A, B, D, E, Ẹ. Kọ̀ǹpútà márùn-ún nìyẹn. A ni olórí, ní sáà kẹrin. Oníbàárà kan kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí A. A kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, kò tíì dáhùn. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́rin. B kọ ọ́, ó ní òun ti kọ ọ́. A ṣì dákẹ́. D kọ ọ́, ó ní òun náà ti kọ ọ́. Ó ti di mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìgbà yìí ni A tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu: ó ti wọlé. E àti Ẹ kò tíì rí lẹ́tà náà o.

Ẹ wá pa A, kí ẹ pa B mọ́ ọn. Ó ku D, E àti Ẹ. Ká ní E ló kọ́kọ́ jí, tó ní òun fẹ́ ṣe olórí. Ìbò mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ rí. Ó ní tirẹ̀, Ẹ fún un ní ìkejì, ó wá dé ọ̀dọ̀ D. D wo ìwé E, ó rí i pé ìlà tó kẹ́yìn lọ́wọ́ òun kò sí níbẹ̀. Ó kọ̀. Òfin Raft ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìbò fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kù sẹ́yìn tirẹ̀. E kò lè wọlé. Bó pẹ́ bó yá, D ni yóò wọlé, tòun ti ọ̀rọ̀ oníbàárà wa lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì fún E àti Ẹ ní tiwọn.

Ẹ gbìyànjú láti bà á jẹ́. Ẹ mú mẹ́ta èyíkéyìí nínú márùn-ún gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún mú mẹ́ta èyíkéyìí gẹ́gẹ́ bí àwọn tí yóò yan olórí tuntun. Ẹ kò lè rí ọ̀nà tí ẹnì kan kò fi ní wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo náà ni ẹlẹ́rìí. Òun ni kò ní jẹ́ kí ìlú gbàgbé. Ìṣirò ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, mẹ́ta àti mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, mẹ́fà sì ju márùn-ún lọ. Orí rẹ̀ ni gbogbo ilé náà dúró lé. Òun náà ló fà á tí àwọn ènìyàn kì í fi í lo mẹ́rin: mẹ́rin nílò ohùn mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì lè kú, bíi ti mẹ́ta gan-an. Ìkẹrin kàn ń jẹ iná lásán ni.

Ká wá ní wáyà ló já, tí A àti B wà lápá kan, tí àwọn mẹ́ta wà lápá kejì. A ṣì rò pé òun ni olórí. Ó ń gba iṣẹ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, B ń kọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kẹta kò dé, nítorí náà kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn pé ó ti wọlé. Oníbàárà á dúró. Ó le fún un, mo mọ̀. Lápá kejì, wọ́n ti yan D ní sáà karùn-ún, iṣẹ́ ń lọ. Bí wáyà bá ti so padà, A yóò rí lẹ́tà tó ní sáà karùn-ún lórí. Tirẹ̀ jẹ́ ìkẹrin. Kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ojú ẹsẹ̀ ló máa sọ̀kalẹ̀ di ọmọlẹ́yìn, tí yóò pa àwọn ìlà tí kò rí ẹlẹ́rìí rẹ́, tí yóò sì gba ti D. Kò sí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ìlà wọ̀nyẹn ti wọlé. Kò sí màmá kankan tí yóò tú ìdí gèlè.

Ibì kan wà tó ta kókó, tí àwọn tó ń kọ ọ́ sábà máa ń ṣubú sí. Olórí tuntun kò gbọdọ̀ ka ìlà tó bá nílẹ̀ láti sáà àtijọ́, kí ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ó ti fìdí múlẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé olórí míràn yóò dé tí yóò sì pa á rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ ìlà kan ní sáà tirẹ̀ ná, kí ìyẹn rí ohùn tó tó. Ìgbà náà ni ti àtijọ́ yóò fìdí múlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ongaro àti Ousterhout ya àwòrán kan sínú ìwé wọn nítorí ọ̀ràn yìí nìkan. Mo ti wo àwòrán náà títí ojú mi fi ro, mo sì ń dúpẹ́ pé wọ́n yà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitHub, níbi tí àwọn oníṣẹ́ wa káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó ti ń kùnà, ilé kọ̀ǹpútà wọn àgbà ní etíkun ìlà oòrùn Amẹ́ríkà sì já kúrò lára nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú àáyá 43. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ́fítíwíà tó ń yan olórí fún wọn ń lo Raft, ó sì ṣe ohun tó yẹ: àwọn tó ṣì gbọ́ ara wọn fohùn ṣọ̀kan, wọ́n gbé ipò olórí lọ sí etíkun ìwọ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n dátà fúnra rẹ̀ wà nínú sọ́fítíwíà míràn tó ń jẹ́ MySQL, ti ìlà oòrùn kì í sì í dúró de ti ìwọ̀ oòrùn kí ó tó dáhùn pé ó ti wọlé. Àwọn ìlà díẹ̀ ti wọ ìwé ìlà oòrùn tí kò dé apá kejì. Nígbà tí wáyà padà, àwọn ìlà tuntun ti wọ ìwé ìwọ̀ oòrùn. Ìwé méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí èkejì kò ní. Wọ́n pinnu pé àwọn kò ní fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ṣòfò, ìtúntò rẹ̀ sì mú kí iṣẹ́ wọn máa fà fún wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11. Mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta fún ayé kà. Yíyan olórí lọ́nà tó tọ́ jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Ìdajì kejì ni pé kí olórí má dáhùn kí ìlà tó rí ẹlẹ́rìí.

Wọ́n sì ní ìdí tí wọn kò fi dúró. Láti etíkun kan dé èkejì ní Amẹ́ríkà, àlọ àti àbọ̀ lẹ́tà kan lé ní mílísẹ́kọ́ọ̀ndù 50, bí gbogbo ìlà bá sì ní láti dúró dè é, iṣẹ́ á falẹ̀. Owó tí Raft ń gbà nìyẹn. Díìsìkì gbọ́dọ̀ gbà á wọlé gan-an, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ gbé e dé, kí ó tó di ohùn kan. Fún ìdí èyí, wọn kì í kó fíìmù tàbí fọ́tò sínú etcd. Ohun kékeré tí kò gbọdọ̀ ṣìnà ni wọ́n ń kó sí i: ta ni olórí, iṣẹ́ wo ló wà lórí ẹ̀rọ wo, kọ́kọ́rọ́ wo ló ń ṣí kí ni. Kubernetes, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń to iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà wọn, inú etcd ló ń tọ́jú gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀ sí. Bí ẹ bá fi fóònù yín sanwó lónìí, ó ṣeé ṣe dáadáa kí àwọn kọ̀ǹpútà kan ti dìbò níbì kan nítorí yín.

Raft kò sì bo gbogbo nǹkan. Ó gbà pé kọ̀ǹpútà lè kú, lè pẹ́, lè gbàgbé lẹ́tà lọ́nà, ṣùgbọ́n ó gbà pé kò sí òpùrọ́ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń parọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, Lamport àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1982, ó sì wọ́n ju èyí lọ. Fún ìdílé kan tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ kì í parọ́ fúnra wọn, Raft tó.

Mo padà sídìí tábìlì mi. Èyí tí mo fa wáyà rẹ̀ yọ ṣì wà níbẹ̀, ó tutù. Ṣáájú, sáà keje ni wọ́n wà. Àwọn méjì yòókù ti bọ́ sí ìkẹjọ. Ìlà 3,118 ló wà nígbà tó kú. Mo ti kọ oríṣiríṣi nǹkan lẹ́yìn rẹ̀, ìwé àwọn méjì sì ti dé 3,164. Mo ki wáyà padà bọ̀ ọ́. Iná rẹ̀ tàn, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jí tán. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé níbo lẹ dé. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí sì dáhùn pé: sáà kẹjọ, ọmọlẹ́yìn, 3,164. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Iná aláwọ̀ ewé ṣẹ́jú lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 3,165, 3,165, 3,165.